Àga Méjì Lẹ́yìn Géètì

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà ibẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa ka ìtàn yìí tán kó wá ní mo fi nǹkan pamọ́ fún òun. Mo fi í pamọ́ lóòótọ́. Arizona ni, inú aṣálẹ̀ ni, èyí tí mo sọ yẹn gan-an ti pọ̀ jù.

Orúkọ mi ni Lorna Pruett. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní Nebraska, nínú yìnyín àti nínú ariwo, kò sì sí ọmọ kan tó fara pa lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo wo ilé tí mò ń gbé, mo wo owó ìfẹ̀yìntì mi, mo rí i pé àwọn méjèèjì ò lè bára wọn gbé. Mo ta ohun tó ṣeé tà, mo fi ra ọkọ̀-ilé kan tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo gbé lọ síléèwé lọ. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilé ìgbẹ́ kékeré tí èèyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọ̀ wà níbẹ̀. Ọdún méje rèé tí mo ti ń gbé inú rẹ̀, onílé kan ò sì kan ilẹ̀kùn mi rí.

Àwa tí à ń gbé báyìí pọ̀. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, a ó wa ọkọ̀ wá sí gúúsù, a ó máa wá ilẹ̀ ìjọba tí èèyàn lè dúró sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin gbà fún wa níbì kan. Bó bá ti pé, ká gbéra ká lọ síbòmíràn. Kò sí wáyà iná, kò sí omi ẹ̀rọ, kò sì sí aládùúgbò tó máa tan ẹ̀rọ ìgékoríko ní àárọ̀ Sátidé. Sólà orí òrùlé ló ń fún wa níná. Inú táǹkì la ti ń bu omi, a sì mọ iye ife tó kù níbẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ṣe ń mọ iye ẹran tó wà nínú ìkòkò.

Ibùdó tó dáa kò wọ́pọ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí atẹ́gùn kì í mi ilé jìgìjìgì, tí èèyàn lè jí kó má rí ẹlòmíràn títí ojú rẹ̀ fi dé òkè, ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kì í pariwo. Àṣà àwọn àgbà láàárín wa ni pé ẹnu la fi ń fún èèyàn ní irú ibẹ̀, ẹni tí a bá sì fún kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá gbàgbé ọ̀nà, ó ti sọ ọ́ nù nìyẹn, kó lọ wá òmíràn.

Wendell Oakes ló fún mi ní tèmi.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ jáde ni. Mo ti borí yìnyín fún ọgbọ̀n ọdún, mo wá rò pé kò sí ohun tí ilẹ̀ lè fi mí ṣe, àfi ìgbà tí mo wa ọkọ̀-ilé mi wọ inú ipadò gbígbẹ kan, tí táyà ẹ̀yìn rì sínú iyanrìn dé ìdajì. Mo gbẹ́ iyanrìn, mo gbẹ́ ẹ, mo sunkún, mo tún gbẹ́ ẹ. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ga, tó ń tiro, dúró lókè bèbè. Ọkọ̀ rẹ̀ fa ilé kékeré kan lẹ́yìn. Ó wo nọ́ńbà ọkọ̀ mi tí wọ́n kọ Nebraska sí, ó wo táyà, ó wo èmi náà.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́kọ̀?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́. Bọ́ọ̀sì iléèwé ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì."

"Bọ́ọ̀sì iléèwé! Ọlọ́run mà tóbi o, tó ṣì fi àwọn ọmọ kù ní Nebraska."

Mo rẹ́rìn-ín bí ojú mi ṣe tutù yẹn. Ó tú lára afẹ́fẹ́ táyà mi jáde, ó ki pákó méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo jáde, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀. Ó rí i.

"Tan ọkọ̀ ẹ, máa tẹ̀ lé mi," ló ní. "Má kọ nǹkan kan sílẹ̀."

Ibi tó mú mi lọ, ẹ̀yìn òkè kéékèèké méjì ló wà, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Igi ọ̀rọ́ ẹlẹ́gùn-ún gàgàrà kan dá dúró níbẹ̀ tí apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ débi pé mo ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ létí ara mi. Wendell gbé àga aláṣọ méjì jáde, àwọ̀ ewé kan, pupa kan. Ó jókòó sórí aláwọ̀ ewé, ó ní kí n gbé tèmi wá. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí pupa.

Ardith ló ni ín, ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ló rí ibẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì lè sáré. Ó ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà tí mo dé, eérú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ sì dà sí ìdí ọ̀rọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdọọdún, Wendell á gbé àga méjèèjì síbẹ̀ láti àárọ̀, á máa ròyìn ọdún fún un: ẹni tó kú, ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun, bí ewébẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i.

"Èmi àti Ardith nìkan la mọ ibí," ó sọ fún mi. "Ní báyìí, ìwọ náà."

"Kí ló dé tí ẹ fi fún mi? Ẹ ò mọ̀ mí rí."

"Nígbà tí táyà tiwa rì, bí Ardith ṣe sunkún nìyẹn. Kò jókòó sunkún. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń sunkún."

Láti ọjọ́ náà la ti ń rìn pọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e. Láàárọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á ká aṣọ fèrèsé sókè kí ẹnì kejì lè mọ̀ pé èèyàn ṣì wà láàyè. Bí aṣọ fèrèsé kò bá tíì ká sókè di aago mẹ́sàn-án, kí ẹnì kejì wá kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe báyìí, kí ara tù mí.

Áàpù kan wà lórí fóònù tí àwọn èèyàn ti ń fi ibùdó ọ̀fẹ́ han ara wọn, pẹ̀lú máàpù àti ìràwọ̀ márùn-ún fún èyí tó bá dáa. Orúkọ mi níbẹ̀ ni Àparò Àgbà. Mo máa ń kà á ni, n kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan. Ní ọdún kẹrin mi, ní ìgbà ìrúwé, mo wọ ìlú lọ gba omi àti gáàsì, Wendell sì wà lẹ́yìn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù kan ni mo wà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ obìnrin kan. Ọkọ rẹ̀ kú, ó ta ilé, ọjọ́ kẹta rẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn, kò sì tíì sùn torí àwọn èèyàn ń gbá fèrèsé rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ibì kan wà tí mo lè di ojú mi sí?"

Mo kọ ọ̀nà ibi tí Wendell fi hàn mí fún un: ẹnu ọ̀nà, àgbá omi màlúù, òkè méjèèjì, nọ́ńbà tí máàpù fi ń dá ibẹ̀ mọ̀. Mo lè béèrè pé kó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí n fi ẹnu sọ ọ́ fún òun nìkan. N kò béèrè. Gbangba níbi tí gbogbo ayé ń kọjá ni mo kọ ọ́ sí, obìnrin náà sì dúpẹ́, ó lọ, ó sùn.

Àwọn yòókù náà lọ. Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ti lé ní irínwó. Wọ́n pè mí ní áńgẹ́lì. Wọ́n pè mí ní ìyá àwọn arìnrìn-àjò. Kí n tó gbé omi kọfí kaná láàárọ̀, mo ti kọ́kọ́ ṣí fóònù wo ẹni tó tún dúpẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ẹ̀. N kò rántí Wendell rárá, nítorí fóònù tirẹ̀, oní-bọ́tìnnì ni, inú ìbọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wà.

Ìgbà tí ẹnì kan fi fọ́tò ibẹ̀ síta ni ojú mi tó là. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni mo kà. Ọkùnrin kan so okùn mọ́ ọ̀rọ́ Ardith, ó sùn sínú aṣọ tó so kọ́, ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yára pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ẹlòmíràn ti dà á kọ sí ibi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Mo dákẹ́. Mo ní bóyá yóò rọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní tó tẹ̀ lé e, Wendell ṣáájú, mo tẹ̀ lé e, a yà kúrò lọ́nà ọ̀dà bí a ṣe máa ń yà. Bí a ti fẹ́ wọlé, a bá géètì irin tuntun tí wọ́n gbé dí ọ̀nà. Àwọn aṣọ́gbó ti lẹ ìwé mọ́ ọn: pàǹtí, ìgbẹ́ àti iná tó jó pápá ló fà á, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn.

Wendell sọ̀ kalẹ̀, ó ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó gbé ọwọ́ lé irin géètì.

"Máìlì mẹ́ta," ló ní.

Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló ń jẹ́ kó tiro. Dókítà ti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, dókítà kejì ní ọkàn rẹ̀ ò ní lè gba iṣẹ́ abẹ náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Bó bá ti rìn díẹ̀, ó ní láti jókòó sinmi.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni Ardith ń retí mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ló bojú wò mí. "Ta ló ṣe é, Lorna?"

Mo wo bàtà mi. "Mi ò mọ̀," mo ní.

A lọ síbi tí gbogbo wa mọ̀, ilẹ̀ gbalasa kan tí ọkọ̀-ilé máa ń pọ̀ sí bí àgọ́ ìsọjí. Láàárọ̀, bí òrùn bá ti gbéra díẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Imogene á gbé ìkòkò kọfí ńlá kalẹ̀, olúkúlùkù á gbé àga tirẹ̀ wá, a ó jókòó yí i ká. Àga tí o bá gbé wá, ibẹ̀ ló ń wà títí a ó fi tú ká. Bí o bá wá jí tí o rí i pé wọ́n ti ká àga rẹ, tí wọ́n fi ti ẹnu ọ̀nà rẹ, má wulẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò fẹ́ rí ọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti rí i títí di ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan fún olè, ẹ̀ẹ̀kan fún ọkùnrin kan tó ń lu ajá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí a dé ni Keaton àti Marisol dé. Wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àwọn méjèèjì. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ akẹ́rù di ilé, fídíò ìgbé ayé wọn tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ní òtútù tó ṣáájú, wọ́n bá Wendell tún sólà rẹ̀ ṣe, wọn ò gba nǹkan kan, òun náà sì mú wọn lọ sí ibi Ardith. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ ya fídíò níbẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà wọn sínú àpótí lójú wa.

Wọ́n gbé àga wọn wá sídìí kọfí, wọ́n ń kí gbogbo èèyàn, wọ́n ń fò mọ́ wa. Wendell ò dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àga méjèèjì wà ní ẹnu ọ̀nà wọn ní kíká.

Ọ̀sán ni Marisol wá bá mi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé.

"Ìyá, kí la ṣe?"

"Wọlé, ọmọ mi."

"Bàbá sọ fún Imogene pé àwa la ta ibi ìyàwó àwọn fún aráyé. Mo fi ìyá mi búra, a ò ṣe é! Keaton gan-an ò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Keaton ní ká kúrò níbí lọ́la, pé òun ò lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń wo òun bí olè." Ó nu imú rẹ̀. "Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́."

"Màá gbìyànjú," mo ní fún un.

Mo fún un ní tíì, ó mu ún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni kọkànlénírinwó, ó lé díẹ̀. Nígbà tó lọ, mo jókòó lórí ibùsùn mi, ojú ara mi tì mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lójú ọ̀nà. Bí mo bá dákẹ́, àwọn ọmọ yìí yóò ru ẹrù mi lọ, Wendell yóò sì máa pè mí wá mu kọfí títí ọ̀kan nínú wa á fi kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Keaton ti ń ká aṣọ ìbòòji ọkọ̀ wọn. Mo dìde láàárín àwọn èèyàn. Mo gbé ife kọfí mi sílẹ̀.

"Wendell, èmi ni Àparò Àgbà."

Imogene fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ti Wendell, kò yé e.

"Àparò báwo?"

"Èmi ni mo kọ ọ̀nà ibẹ̀ síta. Orí fóònù. Kì í ṣe àwọn ọmọ yìí, wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni."

Wendell yí àga rẹ̀ sí mi. "A jọ wà níbi géètì. Mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí."

"O ní o ò mọ̀."

"Mo purọ́ ni."

Ó mu kọfí rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀. Ó dìde, ó tiro lọ sídìí ọkọ̀ àwọn ọmọ náà, ó gbé àga méjèèjì. Keaton fẹ́ gbà á, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ó ṣí wọn kalẹ̀ sídìí iná.

"Mo ṣì yín mú," ó ní fún wọn. "Àgbà tó ṣìwà hù ni mo jẹ́. Ẹ má bínú, ẹ wá mu kọfí."

Marisol bú sẹ́kún. Wendell wá yí padà, ó ká àga mi, ó gbé e lọ fi ti ẹnu ọ̀nà mi, kò wo ojú mi ní àlọ tàbí ní àbọ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dá mu kọfí. Láàárọ̀, mo máa ń ká aṣọ fèrèsé mi sókè, tirẹ̀ náà á sì ká sókè, torí inú lè máa bí èèyàn, àmọ́ kò ní kí ẹnì kejì rò pé òun ti kú. Marisol gbé búrẹ́dì àgbàdo wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó pé kí n lọ, n kò lọ. Mo ní bó bá jẹ́ ìyà ni, kí n jẹ ẹ́ níbi tí yóò ti rí mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì pé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo gbọ́ tí ẹnì kan fi igi kan ilẹ̀kùn mi. Wendell ni, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání. Àga ewé àti àga pupa wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Gbé wọn," ló ní.

Mo fi ọkọ̀ gbé wa dé géètì. Mo fi okùn di àga méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn, mo kó omi, mo kó àpò pàǹtí, a wọlé. Bí a bá ti rìn bí igba ìṣísẹ̀, mo máa ń ṣí àga kan fún un kó jókòó. Nígbà kejì tí a dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní:

"Awakọ̀, ibùdókọ̀ mélòó ló kù?"

"Ó máa tó ọgbọ̀n, bàbá. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má na ọwọ́ síta."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí mi.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Má fi ti àga tó o gbé ṣe fáàrí. Orúnkún mi ló ní kí n pè ọ́, kì í ṣe èmi."

"Mo gbọ́."

"Irínwó èèyàn?"

"Ó lé."

"Hùn. Ardith tí àlejò méjì máa ń fún ní ẹ̀fọ́rí."

A rìn. A jókòó. Oòrùn ń gòkè. Níbi tí àgbá omi màlúù wà, ó ní:

"Obìnrin tó o kọ ọ́ fún. Ṣé ó sùn?"

"Ó sùn. Ó ní alẹ́ àkọ́kọ́, wákàtí mọ́kànlá lòun fi sùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fi ọ̀pá gbẹ́ ilẹ̀. "Kí ló dé tó ò wá bá mi, kó o ní, Wendell, obìnrin kan ń bẹ? Ṣé màá ní kó má wá ni?"

"Mi ò rò ó débẹ̀."

"O rò ó. O fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo fún un."

Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ti bá mi sọ òótọ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tó sì dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ti di ọ̀sán ká tó dé. Ojú iná mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ìgò fífọ́, agolo, ìlédìí ọmọ, aṣọ ìbòòji tó ya. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ sára ọ̀rọ́ náà. Wendell fi ọwọ́ kan ara igi náà níbi tí ẹ̀gún ò sí, ó sì jókòó. Mo ṣí àga pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo lọ ń ṣa pàǹtí. Láti ọ̀nà jíjìn, mo ń gbọ́ tó ń ròyìn fún un. Mo gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀, n kò sún mọ́ ọn.

Nígbà tí àpò kẹta kún, ó pè mí.

"Jókòó."

"Àga Ardith ni."

"Ardith ò ní ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Jókòó, Lorna."

Mo jókòó. Àwọn òkè méjèèjì ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Àparò kan, àparò gidi, ń sáré kiri pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún.

"Bí mo bá kú," ó ní, "ibí ni màá wà. Ìwọ lo máa gbé mi wá. Kì í ṣe Keaton, ó lágbára jù, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n ti ọ̀nà yìí, ẹsẹ̀ ẹ ni wàá fi gbé mi wọ̀ ọ́."

"Màá gbé yín wá."

"Jẹ́ẹ́jẹ́ o. Máa dúró ní gbogbo ibùdókọ̀."

Mo sunkún níjọ́ náà. N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí kí ọjọ́ náà tó parí, n kò sì bi í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àga mi ti wà ní ṣíṣí sídìí kọfí.

A tún lọ ní ọdún kejì, ibùdókọ̀ wa di mẹ́tàdínlógójì. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, aago mẹ́sàn-án lù, aṣọ fèrèsé rẹ̀ ò ká sókè. Mo lọ kan ilẹ̀kùn. Kò bímọ. Ìwé kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé Wendell kọ láyé rẹ̀ ni èyí tó fi ní kí wọ́n kó eérú òun fún mi.

Ní oṣù Kejì yìí, mo gbé e wọlé. Keaton bẹ̀ mí pé òun máa gbé àga, mo kọ̀. Mo di àga méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn, mo gbé agolo eérú rẹ̀ mọ́ àyà, mo sì ń dúró ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣí àga ewé, mo ń gbé agolo lé e, títí ara mi fi balẹ̀, tí mo tún gbé e. Mo dà á sí ìdí ọ̀rọ́. Mo ṣí àga méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èmi sì jókòó sílẹ̀, mo ròyìn ọdún fún àwọn méjèèjì.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo padà dé géètì. Ọkọ̀ kan dúró níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan dá wà nínú rẹ̀. Ó yọ orí sí mi, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Kí ló wà lọ́hùn-ún? Wọ́n ní ibì kan wà níbẹ̀ tó dáa téèyàn lè sùn sí."

"Òkúta ni," mo ní. "Òkúta lásán."

Ó ní ó dáa, ó dúpẹ́. Mo ti kọjá lọ kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ wú, ó jọ pé kò tíì sùn láti ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀. Mo ti rí ibì kan tó jẹ́ tèmi láti ọdún tó kọjá, ọwọ́ òsì, bí wákàtí kan sí ibẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan. Mo sọ àga kalẹ̀, mo padà lọ kan gíláàsì rẹ̀.

"Tan ọkọ̀ ẹ," mo ní, "máa tẹ̀ lé mi. Fi fóònù yẹn sílẹ̀. Má kọ nǹkan kan sílẹ̀."